Oríkì Tí Python Ń Kì

Ní Òkukù, ìlú tí Karin Barber ti kó oríkì jọ kó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1991, kò ní í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, náà ní oríkì orílẹ̀. Gbogbo àṣẹ tí wọ́n pa fún kọ̀ǹpáílà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ Python ló wà nínú módù rẹ̀ tó ń jẹ́ sysconfig. Ẹ ní kó kọ́ àfikún tí wọ́n fi èdè C kọ, yóò ki àwọn àṣẹ yẹn láìfo ọ̀kan. Ní oṣù Kẹta 2014, Apple gbé Xcode 5.1 jáde. Python tí Apple fúnra rẹ̀ fi sórí Mac kì “-mno-fused-madd”. Clang, kọ̀ǹpáílà tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe, ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ bá dúró. Ètùtù rẹ̀ nígbà náà? Kí ẹ kọ -Wno-error=unused-command-line-argument-hard-error-in-future sínú ARCHFLAGS. Ẹ rọra mí o.

Bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá dé bá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkìrun, ẹnìkan lè ní kó gba wheel, ìyẹn àfikún tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀, kó yé da ara rẹ̀ láàmú. Òótọ́ ni, láti 2013 tí pip, irinṣẹ́ tó ń fi àfikún Python sórí ẹ̀rọ, ti ń gba wheel, ọ̀pọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpáílà gcc. Ṣùgbọ́n Python tó ti gbó lórí laptop tòkunbọ̀ lè má rí wheel tó bá a mu, pip á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé láìtọrọ àyè. Kí wọ́n wá ní akẹ́kọ̀ọ́ kò mọṣẹ́! Àṣẹ tí kò pa ni kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ kà, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí kọ̀ǹpáílà bá ní òun kò rí Python.h lórí Ubuntu, python3-dev ló ń wá.