Fákúùmù Tí Wọ́n Fẹ́ Fi San Owó Ilé

Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ káàbọ̀ o. Ará Ilé-Olújì ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣe òkú náà tán ní àlàáfíà? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé báàgì yẹn sílẹ̀, ẹ fa àpótí yìí sábẹ́ ara, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí lẹ́yìn yín kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́ lóòró. Èmi kì í ṣe olófòófó, ẹ mọ̀ mí. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń dín àkàrà. Ojú mi ò fọ́, etí mi ò di, ohun tó bá kọjá níwájú mi ni mo rí.

Bùọ̀dá Làsísì ra fákúùmù.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi náà bi ara mi léèrè: ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹní kan àti fáànù kan ló ní nínú yàrá, kí ló fẹ́ fi fákúùmù fà? Ṣùgbọ́n owó ilé lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Màmá Láńlọ́ọ̀dù ti kọ kúìtì nótíìsì fún un, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgà, àwọn ajá Mushin pàápàá ti kà á tán. Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ-ọmọ Màmá ti Abẹ́òkúta dé fún ọlidé, èyí tó ní ikọ́ fée yẹn. Bó ṣe wọ pálọ̀ òkè báyìí ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí súfèé.

Ẹ sì mọ rọ́ọ̀gì inú pálọ̀ yẹn. Owó Údójì ni Bàbá Láńlọ́ọ̀dù, ọkọ Màmá, fi rà á lọ́dún 1975. Ẹ̀yin kéré nígbà yẹn, àbí ẹ ò tíì dé Èkó? Ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sán gangan ni gbogbo Èkó ń ru fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n kiri. Àwọn kan ra mọ́tò tí wọn ò mọ̀ ọ́n wà. Bàbá tiwa ra rọ́ọ̀gì pupa, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀ láti ògiri dé ògiri, kò sì kúrò níbẹ̀ títí Bàbá fi re ọ̀run. Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá a láti ìgbà náà. Ìgbálẹ̀ ò sì lè mú eruku kúrò nínú rọ́ọ̀gì, ṣe ló máa ń jí i. Eruku á dìde, á lọ jókòó sórí kọ́tìnnì díẹ̀, tó bá sì di alẹ́ á padà wá sùn síbi tó ti ń sùn láti ayé Gowon.

Làsísì gbọ́ ikọ́ ọmọ náà láti ìsàlẹ̀. Ẹlòmíì á bá wọn wá ewé. Òun rí ọ̀nà àbáyọ nínú kúìtì nótíìsì.

Ó forí lé Alábà, Alábà International tó wà lọ́nà Ọjọ́. Ẹ mọ bí ẹrù tòkunbọ̀ ṣe ń dé ibẹ̀: ohun tí òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù bá ti rí rẹ̀ sú, àwọn èèyàn wa á rà á ní pọ́ọ́kú, wọ́n á há a sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀, ọkọ̀ á wọ inú kọ̀ntẹ́nà, gbogbo rẹ̀ á wá bọ́ sílẹ̀ ní Àpápá. Ìrọ́lẹ́ ló gbé e wọlé lórí ọ̀kadà. Ó sọ fún Màmá pé ₦60,000 lòun rà á. Ó sọ fún èmi pé ₦40,000. Ọlọ́kadà tó gbé e wá, tó dúró jẹ àkàrà, ní ojú òun ni wọ́n ṣe ka ₦18,000 lé ọwọ́ ẹni tó tà á. Mi ò tíì bi ọlọ́kadà náà ní ìbéèrè kankan o. Ó kàn ń jẹun ni, ọ̀rọ̀ sì ń jáde.

Ìyá Bọ́sẹ̀, fákúùmù náà ní ojú! Ikùn pupa rìbìtì, fìlà dúdú lórí, ojú méjì tó ń wo ni, ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín. Imú ni hóòsì ti jáde. Orúkọ rẹ̀ wà lórí fìlà: Henry. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Chard, ní Somerset ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó láwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pàápàá. Hetty ni obìnrin wọn, aláwọ̀ píńkì. George jẹ́ aláwọ̀ ewé. James jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Bí ìyàwó Wòlíì ṣe yọjú sí i nínú òkùnkùn kọ́rídọ̀, tó rí i tó ń rẹ́rìn-ín sí òun, ariwo tó fi bọnu mú kí epo dànù lọ́wọ́ mi. Wòlíì jáde pẹ̀lú omi àdúrà. Ọpẹ́lọpẹ́ Táófíkì tó ń tún fáànù àti bílẹ́ńdà ṣe níwájú ilé, tó sáré gbé nǹkan náà kúrò, torí kí ni omi ń wá lára nǹkan tí a máa ki bọ iná?

Iná tí mo dárúkọ yìí rán mi létí Bàbá Houston, ilé kejì. Ẹ rántí fákúùmù tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà? Tuntun, inú páálí, kò sẹ́ni tó jókòó lé e rí. Bàbá pe gbogbo wa wá wòran. Wọ́n ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó yọ èéfín, ó sùn. Iná Amẹ́ríkà ò ju fóòtì 120 lọ; tiwa tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí kò bá sí tiransífọ́mà tó máa bá a dín in kù, àfi kéèyàn dágbére fún un. Ti Lọ́ńdọ̀nù ní tirẹ̀, iná wọn àti tiwa dọ́gba, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ni tàwọn náà. Làsísì mọ ìyẹn kó tó lọ. Ọkùnrin yẹn ò gọ̀, gbèsè ló jẹ.

Ó gbé Henry gòkè lọ́jọ́ kejì, ó wọ agbádá. Agbádá o, fún gbígbá ilẹ̀! Ó tanná sí i. Ó ní vùùùù, ọmọ náà pàtẹ́wọ́, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí fi gọ̀ọ́gùlì sójú kí wọ́n lè rí i dáadáa, ni nǹkan náà bá dákẹ́. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, ó dákẹ́. Wọ́n jókòó tì í títí, wọ́n tún tàn án, ó ní vùùù díẹ̀, ó tún dákẹ́. Màmá ní kí Làsísì gbé òkú rẹ̀ kúrò nínú pálọ̀ àwọn.

Gbogbo ọkùnrin ilé yìí bá di ẹnjiníà. Bàbá Ràṣídì ní mọ́tò ti jó. Wòlíì náà ní ó ti jó, wọ́n sì mọ ẹni tó fi iná sí i. Bàbá Houston gba ojú fèǹsì sọ̀rọ̀, wọ́n ní ó jó, pé àwọn mọ bí èyí tó jó ṣe ń rí. Àwọn yẹn kúkú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́.

Táófíkì nìkan ló gbé imú sí i. Ó fa atẹ́gùn símú, ó ní mọ́tò tó bá jó máa ń rùn, èyí ò rùn. Ó fìka ti ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ó yí gẹ́rẹ́. Ó ní ẹ̀mí wà lára rẹ̀, wọ́n fún un lọ́rùn ni. Ló bá tú ikùn rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Kò sí àpò tó ń gba eruku nínú rárá. Eruku POP ló kún ibẹ̀, funfun báláú, ó dì mọ́ aṣọ asẹ́ rẹ̀ gbagidi. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi fa ilé tí wọ́n ń kọ́. Táófíkì ní atẹ́gùn tó ń fà wọlé yẹn náà ló ń tu mọ́tò lára. Tí asẹ́ bá dí, ara rẹ̀ á gbóná, nǹkan kékeré kan tó wà nínú rẹ̀ á já iná kó má bàa jó. Tí ara rẹ̀ bá wá tutù, á tún gbà kó ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dákú tó ń jí. Ẹni tó tà á náà mọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló fi tàn án fún Làsísì lọ́jà.

Ó gbá asẹ́ náà mọ́ ara igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé títí gbogbo wa fi funfun. Kò jẹ́ kí wọ́n bomi kàn án nígbà tí POP ṣì wà lára rẹ̀, ó ní á lẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn ló yọ kábọ́ọ̀nù rẹ̀ wò. Òkúta dúdú kékeré méjì ni, sípírìǹgì ló ń tì wọ́n mọ́ ara ohun tó ń yí, àwọn ni wọ́n ń gbé iná fún un. Ọ̀kan ti jẹ tán. Kò ra tuntun ti Henry, níbo ló ti fẹ́ rí i? Ti ẹ̀rọ ìlurin ló rà, ó ń fi yún sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà mi títí ó fi wọ inú ilé rẹ̀ géérégé. Ó fi sáńpépà nu bàbà ibẹ̀, ó fi téèpù dúdú di ibi tí hóòsì ti ya, ó gé orí wáyà tó ti pátá, ó fi púlọ́ọ̀gì mìíràn sí i. Mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tún bílẹ́ńdà mi ṣe ni, n kì bá máa lọ ata lọ́lọ.

Bó ti ń ṣe é ló ń ka ìtàn fákúùmù fún wa lórí fóònù. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Canton, ní Ohio, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Spangler lórúkọ rẹ̀, ilẹ̀ ló ń gbá nínú ilé ìtajà ńlá, ikọ́ fée sì ń bá a jà. Ẹ ò rí i pé ti ọmọ òkè náà ni! Ló bá gba mọ́tò fáànù, páálí ọṣẹ, igi ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí, ó so wọ́n pọ̀, ó gbàwé àṣẹ sí i lọ́dún 1908. Ọ̀gbẹ́ni Hoover tó ń ṣe gàárì ẹṣin ló ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹṣin nígbà yẹn. Ohun tí Spangler jẹ níbẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hoover, orúkọ ta sì ni gbogbo ayé ń pè? Ẹ má jẹ́ n bínú.

Ṣùgbọ́n ti Booth ló dùn mọ́ mi jù. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣe fákúùmù náà ni. Kó tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́dún 1901, ṣe ló fi háńkáṣíìfù bo ẹnu, ó fẹnu lé àga nílé oúnjẹ, ó sì fà á! Eruku fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ̀rọ tó wá ṣe tóbi débi pé ẹṣin ló ń fà á, ìta ilé ló ń dúró, wọ́n á na hóòsì gba ojú fèrèsé wọlé. Lọ́dún 1902 ó fa kápẹ́ẹ̀tì Westminster Abbey mọ́ ṣáájú kí wọ́n tó dé Ọba Edward keje ládé. Àwọn ìyàwó olówó á wá pe ọ̀rẹ́ jọ, wọ́n á máa mu tíì, wọ́n á máa wòran, torí Booth ṣe hóòsì kan tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ gedegbe, kí gbogbo àlejò rí ìdọ̀tí bó ṣe ń jáde nílé onílé. Ìyá Bọ́sẹ̀, wọ́n ń sọ pé àwa la ní ṣíṣe ọ̀fíntótó!

Àpò ló kù. Ìyá Sìkírà aránṣọ kọ́kọ́ fi láínì kóòtù rán an, atẹ́gùn ò kọjá, Henry ń kérora bí aboyún. Wọ́n tú u, wọ́n fi téèrù rán an ní ìlọ́po méjì, atẹ́gùn ń jáde, eruku ò jáde. Iná ò wá sí nígbà náà, Làsísì ò lè mú sùúrù, ó fà á mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀, I-better-pass-my-neighbour. Jẹnẹrétọ̀ náà kúnlẹ̀. Wáàtì 1,200 ni wọ́n kọ sí ikùn Henry. Jẹnẹrétọ̀ yẹn ò tó 1,000. Ibẹ̀ náà ni Táófíkì ti mọ̀ pé àgbà ni Henry, nítorí láti oṣù Kẹsàn-án 2017 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ò ti gbà kí wọ́n máa kó èyí tó ju wáàtì 900 lọ wá sọ́jà mọ́.

Iná dé ní Sátidé. Ìyá Bọ́sẹ̀, ó fà! Rọ́ọ̀gì tí a rò pé àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ ló ní, tòmátì gidi ni. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lórí rẹ̀, kò wúkọ́. Màmá ń rẹ́rìn-ín, Làsísì ti ń gbé ẹnu lé ọ̀rọ̀ owó ilé, ni Màmá bá ní kí wọ́n da àpò náà sórí sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀, kí gbogbo ilé rí ohun tí àwọn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Eruku ni, òkìtì. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Eyín òòyà. Kọ́bọ̀ márùn-ún onírin, ọmọ mi ò mọ ohun tó jẹ́. Àti yẹtí wúrà kan, ẹyọ kan ṣoṣo, olókùúta pupa.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Màmá kì í lo yẹtí olókùúta, ẹ mọ̀. Àti pé ta ni kò mọ ìtàn yẹtí Màmá Fàdékẹ́ ẹ̀yìn fèǹsì, tí wọ́n ní olè já gbà létí wọn ní Ọ̀ṣòdì, láyé ìgbà tí Bàbá ṣì wà láyé, tí wọ́n ń wá tọrọ iyọ̀ lóòrèkóòrè? Wọ́n kì í rántí mú abọ́ tí wọn yóò fi gba iyọ̀ náà dání.

Màmá fi ìgbátí aṣọ nu yẹtí náà dán. Wọ́n gbé e sínú àwo, wọ́n fi àwo bò ó, wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Lọ gbé e fún Màmá Fàdékẹ́. Sọ fún wọn pé Bàbá kí wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn dá a padà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí Làsísì, wọ́n ní àwọn dúpẹ́ fákúùmù, Ọlọ́run á fi òmíì rọ́pò, owó ilé ńkọ́?

Làsísì ṣì wà nínú ilé, kò tíì kó. Henry ló ń bá a san díẹ̀díẹ̀. Màmá ń fi háyà báyìí, ₦500 ní yàrá kan, iná ẹni tó ni yàrá ni wọn yóò fi tàn án, Làsísì ni yóò fà á, ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún níwájú gbogbo èèyàn ni wọ́n sì ti ń da àpò. Wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo wa sílẹ̀, ṣé ẹ ò rí bébà tó wà lára ògiri nígbà tí ẹ ń wọlé? Tiyín ni Sátidé tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ lọ wá ìgbálẹ̀ tó dáa, kí ẹ gbá yàrá yẹn kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ yín.