Wọ́n Tún Ti Ń Tún Ọ̀nà Hana Ṣe O

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá tó ń já sí kòtò láàárọ̀ lálẹ́, tó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá da ọ̀dà díẹ̀ sí títì. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi tán ná.

Erékùṣù Maui ni mò ń gbé, ní Hawaii ti Amẹ́ríkà, láàárín òkun Pàsífíìkì. Gbogbo ayé ló ń wá gbafẹ́ síbẹ̀, àfi èmi. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà. Ìrẹsì, bíà, ìwé ìnùdí, mílíìkì, oúnjẹ ajá, ẹran inú agolo tí àwọn ará ibí kì í fi ṣeré rárá: mo ń kó wọn lọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Hana, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn erékùṣù náà. Ọ̀nà kan ló lọ síbẹ̀ tó ṣeé gbà. Èkejì tó gba ẹ̀yìn òkè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọkọ̀ akẹ́rù gba ibẹ̀, kó ti dágbére fún ará ilé rẹ̀.

Láti Kahului, níbi tí pápákọ̀ òfurufú wà, dé Hana, máìlì 52 péré ni, nǹkan bíi kìlómítà 84. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín jẹ. Kọ́nà tó wà níbẹ̀ lé ní 600. Afárá jẹ́ 59, nínú wọn, 46 ló jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Bí tìrẹ bá ti gorí ẹ̀, tèmi á dúró. Ọ̀nà náà lọ́ bí ìfun ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ. Bí o bá ń lọ, òkè Haleakala wà lọ́tùn-ún rẹ, ó ga ju 3,000 mítà lọ. Òkun wà lósì, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí o ò ní fẹ́ wò. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ, wákàtí méjì sí mẹ́ta lo máa fi débẹ̀. Ìgbà wo wá ni kì í sí ẹnikẹ́ni níwájú mi?

Mo ti wakọ̀ ní Ìbàdàn, mo ti wakọ̀ l'Ékòó. Mo mọ kòtò lóríṣiríṣi: èyí tó ń fọ́ rímù, èyí tó ń já sókì, èyí tí omi bò tí o rò pé kò jìn, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ àdúgbò ló máa tì ọ́ jáde, tí wọ́n á sì gbowó. Nígbà tí mo dé Maui, mo ní mo ti bọ́. Kí n má sì parọ́, kòtò ò pọ̀ lọ́nà Hana. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà. Kòtò kékeré á yọjú lónìí, láìpẹ́ wọ́n á ti to àwọn ike ṣóńṣó aláwọ̀ ọsàn sílẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá á sì dúró yí i ká pẹ̀lú fìlà ike lórí, wọ́n á máa wò ó. Kòtò tí ẹyọ dẹ́rẹ́bà mólúè kan ì bá fi bíríkì dí, tí á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Òjò ló fa gbogbo ẹ̀. Apá ibòmíràn ní Maui gbẹ táútáú, ńṣe ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọ́n omi sí koríko kí àwọn olówó lè rí ibi gbá gọ́ọ̀fù. Lọ́dọ̀ tiwa, afẹ́fẹ́ òkun ló ń gbé ìkùukùu wá kọlu òkè, òkè náà á sì tú gbogbo rẹ̀ dà lé wa lórí. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń ṣàn wálẹ̀ láti orí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí àwọn èèyàn ń wọkọ̀ òfurufú láti Jámánì àti Japan wá wò ó. Omi yẹn kan náà tí wọ́n ń yà ní fótò ló ń ráyè wọ abẹ́ ọ̀dà, tó ń fọ yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ, tó ń mú ẹrẹ̀ àti igi àti òkúta ya lulẹ̀ láti òkè. Òkúta tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń sọ mọ́ máńgòrò o. Mo ti rí èyí tí katapílà tì títí tó sú u.

Wọ́n á wá ní àwọn fẹ́ tún ọ̀dà dà. Ọ̀dà gbọ́dọ̀ gbóná, ilẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbẹ, bẹ́ẹ̀ ibi tí òjò ti ń rọ̀ ṣúlẹ̀ ṣúlẹ̀ la wà. Ẹ̀rọ kan tó ní eyín nísàlẹ̀ á kọ́kọ́ ha èyí tó ti gbó kúrò. Típà á gbé èyí tó gbóná gba àwọn kọ́nà yẹn bọ̀, òun náà á máa rọra, kó má sì tutù sọ́nà. Ọ̀nà ò fẹ̀, nítorí náà bí ẹ̀rọ bá ti gba ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ni àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ á jọ máa pín lò, tàbí kí wọ́n kúkú ti gbogbo ẹ̀ pa fún wákàtí mélòó kan.

Obìnrin kan ló máa ń di pátákó mú níbẹ̀. Ojú kan pátákó ní kí o dúró, ojú kejì ní kí o rọra. Bó bá ti jẹ́ èmi ló ń bọ̀, ojú àkọ́kọ́ ni mo máa ń bá. Bàtà rọ́bà rẹ̀ dé orúnkún, ó fi òdòdó funfun kan há ẹ̀gbẹ́ fìlà ike rẹ̀, ó sì ní rédíò kékeré kan tó fi ń bá ẹnì kejì rẹ̀ tó wà lẹ́yìn kọ́nà sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi," mo pè é lọ́jọ́ kan, "ó máa tó ìgbà wo?"

Kò wo aago. Ojú ọ̀run ló wò. "Ọ́ńkù, òjò ń bọ̀."

"Mi ò béèrè òjò. Ọ̀nà ni mò ń béèrè."

"Òjò náà ni ọ̀nà, Ọ́ńkù."

Kó tó pa ẹnu dé, òjò ti dé. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ sá wọ inú ọkọ̀. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀dà mọ́lẹ̀ fa tapólì bo orí, ó ṣí abọ́ ìrẹsì rẹ̀, ó ń jẹun. Ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́, síbẹ̀ a ò gbọdọ̀ kọjá, nítorí ọ̀dà tí wọ́n dà dé ìdajì ò tíì gbẹ, ìdajì tí wọn ò tíì dà sì ti kún fún omi. A jókòó, à ń wo ara wa. Ká ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn ni, kí o tó pa ẹ́ńjìnnì, ẹlẹ́pà á ti dé ojú fèrèsé, olómi inú ọ̀rá á ti dé, ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí á ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Níbí, àfi igbó àti adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri láìlólúwa. Ẹrù oúnjẹ ló wà lẹ́yìn mi, ebi ń pa mí kú lọ níwájú. Àwọn tó ń ta kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, wọ́n sì ń tà á gbóná, ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo ni ibi tí wọ́n pàtẹ sí máa ń wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti dá mi dúró.

Nígbà tí mo délé lálẹ́, mo sọ fún ìyàwó mi pé obìnrin kan ló dá mi dúró lọ́nà. Ó yẹ kí n ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyàwó mi, ó fẹ́ mọ orúkọ obìnrin náà, ilé tó ń gbé, àti ìdí tí mo fi mọ̀ pé òdòdó wà lára fìlà rẹ̀.

Mo lè fara da ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara dà ni pé, lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, bí wọ́n bá tún un ṣe tán, bó ṣe wà náà ló ṣe máa wà. Lọ́dún 2001, wọ́n fi ọ̀nà náà àti àwọn afárá rẹ̀ sínú ìwé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kọ àwọn ohun ìtàn tó yẹ ní títọ́jú sí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí fún ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. Àwọn afárá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ kí ọ̀nà náà tó dé Hana pátápátá lọ́dún 1926, nígbà tí mọ́tò ò tíì fẹ̀ tó báyìí. Afárá tóóró, tí ògiri rẹ̀ méjèèjì kò ga ju itan mi lọ. Àwọn oníṣẹ́ẹ̀rọ ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́, kí ògiri sì ga, torí ọkọ̀ tòde òní wúwo. Àwọn olùtọ́jú ohun àtijọ́ ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, pé bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọ̀nà Hana mọ́. Owó tabua ni wọ́n sì ń ná kí ọ̀nà tóóró má bàa fẹ̀! Mo ti ń wakọ̀ látìgbà èwe, mi ò tíì rí irú kọngílá tí wọ́n sanwó fún pé kó má yí nǹkan padà. Nílé wa lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń sanwó fún un kó ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pinnu pé òun ò ní yí nǹkan kan padà.

Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ ìtàn ibẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ọ̀nà náà kò tíì fìyà jẹ. Láyé ọba Piilani àti ọmọ rẹ̀ Kihapiilani, òkúta ni wọ́n fọwọ́ tò kalẹ̀ yí erékùṣù náà ká, fún ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà lára àwọn tó la èyí tí mò ń gbà yìí. Ibùdó tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n yẹn ń sùn sí ní Keanae, àgọ́ ìsinmi ló padà dà, owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó sùn síbẹ̀. Mo sì ti rí díẹ̀ lára òkúta àwọn ọba yẹn nítòsí Waianapanapa. Wọ́n ṣì wà níbi tí wọ́n tò wọ́n sí. Kò sẹ́ni tó ń da ọ̀dà lé wọn, kò sì sí obìnrin tó ń di pátákó mú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ńkọ́? Bí ọ̀nà bá ṣí tán, àwọn ló kù. Wọ́n á háyà ọkọ̀ pupa aláìlórùlé ní Kahului, wọ́n á wá dúró sáàárín afárá tó jẹ́ ti ọkọ̀ kan ṣoṣo, torí ibẹ̀ ni omi ti hàn dáadáa. Mo bá tọkọtaya kan lọ́jọ́ kan. Ìyàwó jókòó sórí ògiri afárá, ó yọ bàtà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ dojú bolẹ̀ láàárín títì, títì ọba, ó na fóònù sókè kí ìyàwó àti omi lè jọ wọ inú fótò kan náà. Mo tẹ bíríkì, gbogbo agolo ẹ̀yìn mi fò sókè. Mo fọn fèrè. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra o, ìsinmi la wà." Èmi àti ta ni?

Owó ìtanràn fún ẹni tó bá páàkì síbi tí kò yẹ lé ní 200 dọ́là báyìí. Mi ò tíì rí ẹni tó bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tó ti san owó òtẹ́ẹ̀lì Maui, kí ni 200 dọ́là lójú rẹ̀? Tó bá ṣe tán, á lọ ra ẹ̀wù penpe tí wọ́n kọ sí láyà pé òun rin ọ̀nà Hana, òun kò kú. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló rìn ín o! Èmi tí mò ń lọ tí mò ń bọ̀ ńkọ́? Agbádá ló yẹ kí wọ́n rán fún mi.

Mo rò pé àwọn ará Hana á gbè mí. Ìyá àgbà kan wà ní ibi tí mo ti ń já ẹrù, Àǹtí ni gbogbo ìlú ń pè é. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò ṣe bá wa bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n fẹ ọ̀nà yìí?"

Ó ń ka páálí mílíìkì, kò gbójú sókè. "Kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ ṣe kí ni?"

"Kí mílíìkì yín lè tètè dé."

"Bó bá fẹ̀, bọ́ọ̀sì ńlá á wọlé. Bí bọ́ọ̀sì ńlá bá wọlé, òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́wàá á tẹ̀ lé e. Ilé mi á di páàkì ọkọ̀." Ó wá wojú mi. "Ọ́ńkù, páálí méjì ti fọ́."

Owó páálí méjèèjì, inú owó oṣù mi ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọkọ tó dojú bolẹ̀ yẹn ti padà sí ìlú rẹ̀, fótò rẹ̀ á sì ti dára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò ìyàwó mi pè láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti rí ọ̀nà Hana lórí fóònù. Ó ní ọkàn òun ń fà sí i, pé àwọn mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀, àti pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, kò ní ni mí lára láti máa gbé wọn dúró ní afárá kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Ó mà ṣe o, àǹtí wa. Wọ́n ń tún un ṣe ni."

Ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe é tán?"

Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òjò fún un.