R Tuntun, Ẹrù Àtijọ́

Ní Ilé-Ifẹ̀, orí kẹrin ìwé àpilẹ̀kọ la ti ń mọ onísùúrù. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé R tuntun, ètò tí yóò fi ṣírò dátà orí náà, sórí kọ̀ǹpútà, á tẹ̀ ẹ́, á wá máa wojú rẹ̀. Ó lè ra mọ́ínmọ́ín ní Lágéré kó padà wá bá a níbi tó fi í sí.

Ni ẹ̀sùn á bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní iná ìjọba ló fà á, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Ross Ihaka àti Robert Gentleman tó dá R sílẹ̀ ní New Zealand á sì jẹ nínú èpè tí wọn ò mọ̀dí.

Ẹrù ló pọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá fẹ́ pa R, ó máa ń béèrè bóyá kó tọ́jú gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ta ni yóò ní kó dà á nù? Ó bá kó o sínú fáìlì .RData, òun ló sì máa tún gbé bó bá jí. R tuntun kì í pa fáìlì yẹn rẹ́. Ẹ fi --vanilla ṣí i, kó má baà kà á. Bó bá yára, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Ifá kò ní wàhálà yìí ní Òkè Ìtasẹ̀: èso 8, ojú méjì-méjì, odù 256, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó jù ú sílẹ̀ tó fi fèsì. Súpáfáísọ̀ ni kò ní gbà á ní orí kẹrin.