Alàgbà Yí-i-sí-Ọgọ́ta

Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà Kpalimé jáde kúrò ní Lomé, tí ó dé Sanguéra, níbi tí ilé tuntun ti ń hù bí olú láàárín ìwọ̀nba oko àgbàdo tí ó ṣẹ́kù, kò ní ṣàì kan ilé kan tí a kùn ní funfun báláú, tí géètì rẹ̀ ga ju ti ààfin lọ, tí onílé sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí ń retí àlejò tí yóò tọrọ àyè láti wẹ̀. Òun ni àwa Yorùbá ìlú yìí, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ànàgó, sọ ní Alàgbà Yí-i-sí-Ọgọ́ta. Ẹ má ṣe rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Irú rẹ̀ wà ní Kútọnu, ó wà ní Ìbàdàn, kò sì sí ìlú tí ọmọ rẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé tí kò ní tirẹ̀.

Bí akígbe bá fẹ́ kì í, ohun tí yóò pè é ni ọmọ a-tòkè-òkun-gbóoru-wálé, ọmọ a-yí-bọ́tìnnì-kómi-hó. Ẹ kò tíì fìdí kan àga tí yóò ti mú yín lọ wo àgbá funfun tí ó gbé kọ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀, èyí tí àwọn ará Lomé ń pè ní chauffe-eau, àti àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó ní aago, iná pupa àti nọ́ńbà. “Ẹ wò ó dáadáa,” ni yóò wí, tí yóò sì na ìka sókè bí àlùfáà, “aago yìí ní ń tàn án ní agogo 5 ìdájí, òun náà ní ń pa á ní agogo 7, tẹ́mósítátì yìí ni ó mọ ìgbà tí omi gbóná tó. 60 ni kí ẹ yí i sí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó pẹ́ nínú àgbá ni kòkòrò àìsàn Legionella fi ń ṣe ilé.” Òótọ́ ni ó sọ, kí a má purọ́ mọ́ ọn, ìmọ̀ kọ́ ni ó wọ́n baba yìí, ibi tí ìmọ̀ ti wúlò ni kò mọ̀.

Nítorí mo ti sùn ní ilé rẹ̀ rí ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú oṣù Kejìlá. Níbẹ̀, níbi tí a ti ṣe bọ́ílà nítorí pé òtútù ń pa ènìyàn ní tòótọ́, ọ̀tá ìtanná ni Alàgbà. 18 ni ó yí tẹ́mósítátì pálọ̀ sí, nítorí ó gbọ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ilé kò gbọdọ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun sì fi òfin tirẹ̀ lé e pé kò gbọdọ̀ gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ní yàrá tí mo sùn, àmì yìnyín ni ó yí bọ́tìnnì irin amúlégbóná sí, èyí tí àwọn tí ó ṣe é ṣe kí omi má bàa dì nínú páìpù, kì í ṣe kí àlejò má bàa dì lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tí ó bá fọwọ́ kàn án, ìbéèrè kan náà ni yóò gbọ́: “Ṣé ìwọ ni ó ń san owó gáàsì?” Nígbà tí owó gáàsì sì fò sókè ní 2022, mo gbọ́ pé súwẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ni ìdílé náà ń wọ̀ jẹun alẹ́.

Àwọn baba wa ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ọkùnrin kan náà, èèwọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti di orò Sanguéra, níbi tí oòrùn ti ń se omi inú táńkì orí òrùlé, tí ẹni tí ó bá ṣí ẹ̀rọ omi ní agogo 2 ọ̀sán yóò fa ọwọ́ sẹ́yìn. Láti sọ 80 lítà omi tí ó wà ní ìwọ̀n 28 di 60, nǹkan bí yúníìtì iná 3 ni yóò bá a lọ. Alàgbà yóò jáde nínú ìwẹ̀, òógùn yóò bò ó, yóò sì sáré tan ẹ̀rọ amúlétutù. Nọ́ńbà wo ni yóò sì yí i sí? 18 náà ni. Ooru tí ó fi du àwọn ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ òtútù ni ó ń sun dànù nílẹ̀ ooru, òtútù tí ó sá fún ni ó sì ń fi owó rà: ẹ̀rọ kan ń dáná, èkejì ń pa á, mítà iléeṣẹ́ iná CEET sì ń bá àwọn méjèèjì ka owó.

A kò sọ pé omi gbígbóná kò dára. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kò lè ṣe aláìní i, bẹ́ẹ̀ ni àgbà tí oríkèé ń ro; nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé ní ìparí ọdún, omi ìdájí a máa gé ènìyàn bí abẹ. Ọyẹ́ náà ni ó sì tú àṣírí Alàgbà. Ní òru ọjọ́ kan, iná lọ, kò sì padà títí di agogo 4. Aago àpótí náà, tí kò ní bátìrì, gbà pé ọ̀gànjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òru mìíràn. Nígbà tí Alàgbà ṣí omi lé ara rẹ̀ lórí ní agogo 6, orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ pè, kí ó tó pe ti ìyàwó. “Ìyá Bọ́lá! Gbé omi kaná fún mi!”

Ìyá Bọ́lá, tí kò fọwọ́ kan àpótí náà rí, ti gbé ìkòkò ka àdògán èédú lẹ́yìnkùlé kí àkùkọ tó kọ. Ó bu omi sí garawa, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. “Ẹ wá wò ó, Bàbá Bọ́lá, bóyá ó ti tó ọgọ́ta.”

Alàgbà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á yọ wàrà. Ó ní, “Bu tútù sí i.”