Bí O Ṣe Lè Tún Ojú Kọ̀ǹpútà Ṣe Kí Iṣẹ́ Má Bàa Dí Ọ Lọ́wọ́

O ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí Ìlasà-Èkìtì. O ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, o ní jẹnẹrétọ̀ kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, màmá kan gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó di olóògbé wá nínú flash: ìwé ètò ìsìnkú ló fẹ́ tẹ̀. Àìsùn di Ọjọ́bọ̀, ìsìnkú di Jímọ̀. Àyè wà dáadáa. Kí o tó tẹ lẹ́tà kan, kọ́kọ́ yan bí fèrèsé yóò ṣe máa ṣí lójú kọ̀ǹpútà rẹ.

Ìgbésẹ̀ 1. Yọ Windows dànù. Ó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an ni àléébù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi í sílẹ̀, rán an létí ọdún 2012, nígbà tí Microsoft yọ bọ́tìnnì Start kúrò lára Windows 8, tí àwọn èèyàn ń wá ibi tí wọn yóò ti pa kọ̀ǹpútà. Wọ́n dá a padà ní 2013, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kàn ẹ́. CorelDRAW tí àwọn onítẹ̀wé fi ń ṣe ìwé ìsìnkú yóò bá Windows lọ. Kó máa lọ. Sọ fún màmá pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà, a ti wà lẹ́nu ẹ̀.”

Ìgbésẹ̀ 2. Fi Linux rọ́pò Windows, kí o sì gbé GNOME, ètò tó ń ṣètò ojú kọ̀ǹpútà, lé e lórí. Miguel de Icaza àti Federico Mena ló dá a sílẹ̀ ní 1997. Ìgbàgbọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ni pé ohun tí ojú ò bá rí kò lè da ọkàn láàmú. Nígbà tí GNOME 3 jáde ní 2011, bọ́tìnnì tí a fi ń rọ fèrèsé sísàlẹ̀ pòórá, fáìlì kò sì hàn lójú kọ̀ǹpútà mọ́. Da fọ́tò bàbá sórí Desktop, kí o sì wò ó bí kò ṣe ní sí níbẹ̀. Má wá a. Ṣáà máa wo bí ibẹ̀ ṣe mọ́ tónítóní. Inú bí àwọn kan sí àyípadà yẹn débi pé wọ́n gbé GNOME àtijọ́ lọ, wọ́n sọ ọ́ ní MATE. Àwọn tó ń ṣe Linux Mint, irú Linux kan, náà gbé Cinnamon tiwọn kalẹ̀. Ka gbogbo ìjà náà tán kí ilẹ̀ ọjọ́ Túsìdè tó ṣú.

Xfce, òmíràn irú rẹ̀, wà o. Ó fúyẹ́, kì í yọni lẹ́nu. Fò ó.

Ìgbésẹ̀ 3. Yọ GNOME, gbé KDE wọlé. Matthias Ettrich, akẹ́kọ̀ọ́ ní Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1996, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí wọn ò ní jẹ́ kí o yí padà níbẹ̀. Yan bí òjìji fèrèsé ṣe máa dúdú tó. Jẹ́ kí fèrèsé máa mì, bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó kúrò nínú ewé, nígbàkigbà tí o bá wọ́ ọ. Fi àwòrán òkè Olósùnta sẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ṣókùnkùn, wọkọ̀ lọ sí Ìkéré, lọ ya òmíràn.

Ìkìlọ̀: bí o bá ń tú inú KDE, o lè ṣèèṣì bọ́ sí ibi tí a ti ń yan kíbọ́ọ̀dù. Yorùbá wà níbẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, kò sì ní gbà ọ́ ní àsìkò rárá. Tètè jáde. Kì í mì, kò ní òjìji. Orúkọ bàbá lè wà láìní àmì. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n pè.

Ìgbésẹ̀ 4. Ojú rẹ ti là wàyí: ìwà ọ̀bùn ni kí fèrèsé máa gun ara wọn lórí. Gbé i3 tí Michael Stapelberg ṣe ní 2009 sí i. Ṣí fèrèsé kan, ó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ṣí èkejì, wọ́n pín in lọ́gbọọgba. Olósùnta kò ní hàn mọ́. Má kábàámọ̀ owó ọkọ̀. Ju máòsì sínú dúrọ́ọ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kò ní rí ohun tí yóò tẹ̀, yóò dìde. Ó ti ń dára nìyẹn. Windows àkọ́kọ́ ti 1985 náà kì í jẹ́ kí fèrèsé bo ara wọn. 1987 ni Microsoft jáwọ́ níbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 5. Alẹ́ Ọjọ́rú, bọ́ sórí dwm, tí òun náà ń pín ojú kọ̀ǹpútà fún fèrèsé bíi i3. Àwọn tó ṣe é ti búra pé kóòdù rẹ̀ kò ní kọjá ìlà 2,000. Kò níbi tí a ti ń yan àwọ̀: o máa ṣí kóòdù C rẹ̀, o máa yí nọ́ńbà àwọ̀ padà, o máa tún gbogbo rẹ̀ kọ́, o máa jáde, o máa wọlé padà. Wọ́n sọ ọ́ gbangba pé èyí ń jẹ́ kí àwọn tó ń lò ó kéré níye, kí ọ̀gbẹ̀rì má máa wá béèrè ìbéèrè òmùgọ̀. O rí i pé wọ́n mọyì irú ẹ. Fi aró kun etí fèrèsé. Ó ṣú jù. Tún un kọ́. Wọ́n múná lọ. Tan jẹnẹrétọ̀. Aró tó mọ́ díẹ̀. Ó ti wá mọ́ jù. Kíkọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, nítorí náà o lè máa ṣe é títí àkùkọ yóò fi kọ.

Ìgbésẹ̀ 6. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, màmá yóò dé. Dọ̀bálẹ̀ kí i. Yóò ní, “Ọmọ mi, ìwé ńkọ́?” Fi etí fèrèsé hàn án. Jẹ́ kó mọ̀ pé píksẹ́lì kan péré ni àlàfo tó wà láàárín fèrèsé méjèèjì, ó sì dọ́gba láti òkè délẹ̀. Yóò gba flash rẹ̀, yóò sọdá títì lọ bá ọmọkùnrin tó ń lo Windows 7 tí Microsoft ti jáwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀ láti 2020, tó ní CorelDRAW, tí fèrèsé rẹ̀ ń gun ara wọn lórí bó ṣe wù wọ́n. Ìwé yóò ti jáde kí oòrùn tó kàntàrí. Má bínú. Ṣùgbọ́n kí màmá tó kọjá ẹnu ọ̀nà, gba owó epo jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni o ṣe tàn án.