Orúkọ Tó Lọ Sógun

Kàtídírà Alexander Nevsky ní Sofia, olú-ìlú Bùlùgáríà, ń dán yinrinyinrin. Orúkọ ọmọ-aládé Rọ́ṣíà tó ṣẹ́gun àwọn ará Swídìn ní 1240 ni wọ́n fi sọ ọ́, láti fi yẹ́ àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó kú fún òmìnira Bùlùgáríà sí. Àfi bí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣe dé, tí Rọ́ṣíà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Ní 1916, wọ́n yọ Alexander, wọ́n fi àwọn ẹni mímọ́ Cyril àti Methodius rọ́pò. Ní 1920, wọ́n dá a padà. Kò kúkú bínú: ó ti kú láti 1263.

Bí ẹ bá wọ inú kàtídírà náà láti tan àbẹ́là, ẹ ṣọ́ra o. Òkè ni ti alààyè, ìsàlẹ̀ ni ti òkú. Ẹni tó bá tan ti ìyá ìyàwó rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹjọ́ dilé.