Ìjàpá Oníṣòwò Ẹ̀wà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá, oníṣòwò ẹ̀wà ní Angwan Rogo, nílùú Jos.

Lọ́dún kan, ẹ̀wà kún ilé Ìjàpá, ó kún ilé Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ oníkúlíkúlí náà. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ sá tirẹ̀ gbẹ. Òróró tó fún lára ẹ̀pà kúlíkúlí ló bù sí i, ṣíbí ìpotíì kan fún kílò kan, ó sì fọwọ́ pò ó títí gbogbo ara ẹ̀wà fi ń dán. Ìjàpá kú sẹ́rìn-ín:

“Ẹ wá wo ẹni tó ń din ẹ̀wà láìdáná!”

Kòkòrò dé. Ó yé ẹyin sára ẹ̀wà Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, kí ọmọ lè pa, kó lu ẹ̀wà wọnú. Òróró bo ẹyin, ẹyin kú. Ni kòkòrò bá figbe orin ta:

Lílé: Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣàánú mi
Ègbè: Òróró ńbẹ níbẹ̀
Lílé: Ẹyin mo yé, ẹyin ò pa
Ègbè: Òróró ńbẹ níbẹ̀
Lílé: Ọmọ mi ò rí èémí mí
Ègbè: Òróró ńbẹ níbẹ̀
Lílé: Ilé Ìjàpá ni mo ń lọ
Ègbè: Kò sóróró níbẹ̀

Bí Ìjàpá ti rí kòkòrò, ó da oògùn apakòkòrò ọ̀tápíápíá sínú gbogbo àpò, àfi ẹyọ kan tó fokùn pupa dì, tí òun àti ìdílé rẹ̀ yóò máa jẹ. Kò sọ fún Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, kí àṣírí má baà tú lọ́jà.

Nígbà tó yá, Yánníbo rí i pé ẹ̀wà inú àpò olókùn pupa ti dá ihò. Ó tà á ní ẹ̀dínwó, ó sì se èyí tó mọ́ fún ọkọ rẹ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, Ìjàpá ń bì, ó ń làágùn. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ adáhunṣe.

“Bàbá, kí lẹ jẹ?”

“Ẹ̀wà ni.”

“Ta ló tà á fún yín?”

Ìjàpá fa orí wọ inú ìkarahun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fà á wọlé bí ọ̀rọ̀ bá kàn án.

Ti Ìjàpá làlọ́, ti 2015 kì í ṣe àlọ́. Ọdún náà ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá, nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀wà tẹ́ ẹ ò lè jẹ, ẹ má tà á.